Ìdáhùn fún onígìtá ará Iléṣà tó fẹ́ gbé àwo smooth jazz àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde

Ìbéèrè tó wá láti Iléṣà nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń ta gìtá lẹ́yìn ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ jùjú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó di ẹni tí wọ́n ń pè sí sítúdíò ní Ìbàdàn àti Èkó láti bá àwọn olórin ẹ̀mí ta gìtá sínú àwo wọn. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, mo sì fẹ́ ṣe àwo tèmi, smooth jazz, ìyẹn jazz tó rọra ń lọ, tí gìtá yóò ṣáájú. Àwọn ọmọ mi ní orin àwọn arúgbó ni, pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́. Orin mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀? Ṣé kí n pe akọrin sí i? Ṣé ìlù kọ̀ǹpútà tó? Kí ni mo lè ṣe tí kò fi ní dà bí èyí tí wọ́n ń yí ní báńkì nígbà tí èrò bá tò?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó tó ń bọ̀ lọ́nà.

Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló gbé àwọn yòókù dání. Orin tí wọ́n ń yí ní báńkì kò burú nítorí pé ó rọra ń lọ. Ohun tó jẹ́ kí etí máa fò ó kọjá ni pé kò sí orin nínú rẹ̀. Kọ́ọ̀dù aládùn wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, gìtá ń sáré lọ ó ń sáré bọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti jáde dé ìta, kò sí nǹkan kan tí ẹnu yín lè kùn. Àìsàn kan náà ló máa ń ṣe àwo àkọ́kọ́ àwọn onígìtá tó ti pẹ́ lẹ́yìn ẹlòmíràn, ọwọ́ wọn kọ́ ló sì ń fà á. Ọwọ́ yín ti mọ́ gìtá láti ọjọ́ pípẹ́. Orin ni ẹ kò tíì kọ.

Iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe ló dá a sílẹ̀. Akọrin á kọ gbólóhùn kan, á dákẹ́ láti mí, ẹ̀yin á ju ohùn mẹ́ta mẹ́rin sí ibi tó ti mí. Onígìtá tó bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n máa ń tún pè. Ẹ ti wá mọ àlàfo bí ẹni mowó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá jókòó sí sítúdíò tí kò sí akọrin níwájú yín, gbogbo ojú orin á di àlàfo, ọwọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kún un. Mo ti gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ gìtá ta ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ nílẹ̀ yìí. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, wọ́n ń fèsì sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Nítorí náà, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ ná. Ẹ fi ẹnu kùn orin náà, kó má ní ọ̀rọ̀ kankan, kí ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ibi tí èémí yín bá ti tán, ibẹ̀ ni gbólóhùn gìtá gbọ́dọ̀ parí sí. Gìtá kì í mí, ìyẹn ló ń jẹ́ kí onígìtá máa rojọ́ láìdánudúró; onífèrè kò lè dán an wò, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á kìlọ̀ fún un. Tí ẹ bá kùn ún tán, ẹ pa fóònù dé. Tó bá di ọjọ́ kẹta tí orin náà ṣì wà lẹ́nu yín láìjẹ́ pé ẹ tún un gbọ́, ẹ lè wá gbé gìtá. Tó bá ti sá lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má fi kọ́ọ̀dù ńláńlá tún un ṣe. Kọ́ọ̀dù kì í jí òkú orin.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní ẹrù kan tí a lè gbé wọ inú smooth jazz, àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò sì ní in. Etí wa kì í gbọ́ ohùn lásán. Tí ohùn bá gòkè tó sọ̀ kalẹ̀, etí á ti máa wá ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta tẹnọ gìtá ní ẹgbẹ́ jùjú mọ ohun tí mò ń wí: ẹ ó ta ohùn mẹ́rin péré, ìyá àgbà kan á dìde lórí àga, á ní orúkọ òun ni ẹ pè. Ẹ lò ó. Ẹ mú gbólóhùn kan tí wọ́n ń sọ nílé yín, ìkíni ni o, oríkì ni o, ìyá tó ń pe ọmọ wọlé lálẹ́ ni o. Ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ tẹ̀lé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ kò ní láti sọ fún olùgbọ́ ohun tí gbólóhùn náà jẹ́. Ẹni tó bá máa gbọ́ ọ á gbọ́ ọ, ará Brazil tí kò gbọ́ ọ á ṣì mọ̀ pé nǹkan kan ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i, ẹ ta á fún àwọn tí etí wọn mú, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbọ́. Orin ìfẹ́ lè di èébú lọ́wọ́ onígìtá tí kò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó bá sì ti gbọ́ èébú náà lẹ́ẹ̀kan kò ní gbọ́ ìfẹ́ níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé orin ilé kò bá jazz mu. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, lẹ́bàá Iléṣà yín níbẹ̀, ni I.K. Dairo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí. Orin ìbílẹ̀ ló gbé lé orí accordion àti gìtá, ọ̀nà yẹn ló sì gbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ní àárín ọdún 1990 sí i, Yunifásítì Washington ní Seattle ni ó ti ń kọ́ni. Sunny Adé náà, Ifẹ̀ níbí, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n àbẹ̀wò nípa orin. Àwọn tó wà nílé ìwé gíga ti gbà pé ìmọ̀ ni ohun tí ẹ mọ̀. Ìgbà wo ni ẹ̀yin fúnra yín máa gbà?

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ kò dá wà. Wes Montgomery, ará Indianapolis tí gbogbo onígìtá jazz ń júbà, ni wọ́n bí ní 1923. Ilé iṣẹ́ ló ń lọ lọ́sàn-án, gìtá ló ń ta lálẹ́, torí ọmọ méje ló ń dúró de oúnjẹ nílé. 1959 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo jáde ní orúkọ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí. Àtàǹpàkò ló fi ń ta á, kì í lo píìkì; wọ́n ní kí ariwo má baà pọ̀ jù fún àwọn ará ilé àti aládùúgbò ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo àtàǹpàkò. Nígbà tó wá di ìparí ọdún 1960 sí i, Creed Taylor tó ń bójú tó àwo rẹ̀ gbé e sí iwájú àwọn onífayolíìnì, ó ní kó máa ta àwọn orin tí gbogbo ayé ti mọ̀. Àwọn aláríwísí figbe ta pé ó ti ta jazz lọ́pọ̀. Ẹ wá àwọn àwo ìgbà náà kí ẹ tún wọn gbọ́. Á mú ohùn orin náà, á ta á lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọkùnrin àti obìnrin tó ń kọ orin kan pọ̀, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ó kú ní 1968, ọmọ ọdún 45 ni. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní smooth jazz lónìí, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti ṣẹ̀ wá, mi ò sì rí ìtìjú kankan nínú rẹ̀.

Peter White, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lo nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn akọrin Al Stewart kí àwo tirẹ̀ tó jáde ní 1990. Paul Jackson Jr., tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àwo Michael Jackson ti 1982 tí gbogbo ayé rà, gbé tirẹ̀ jáde ní 1988. Gbogbo wọn ló ti kọ́kọ́ sìn.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù ni George Benson, onígìtá, nínú Breezin', àwo rẹ̀ ti 1976. Òun ni wọ́n máa ń kà sí àwo jazz àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ platinum, ti mílíọ̀nù kan, ní Amẹ́ríkà. Orin mélòó ló wà nínú rẹ̀? Mẹ́fà. Mélòó ló fi ẹnu kọ? Ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ló gba Grammy Record of the Year, òun ló sì ṣílẹ̀kùn fún márùn-ún tó kù. Orin tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe àwo náà, òun kọ́ ló kọ ọ́, Bobby Womack ni. Onígìtá tó mọ gìtá tó bẹ́ẹ̀ gbà láti ta orin ẹlòmíràn, ó sì fi rídímù gìtá sílẹ̀ fún Phil Upchurch, kí òun lè gbájú mọ́ ohùn orin nìkan.

Nítorí náà, ẹ mú orin mẹ́jọ, kí gbogbo rẹ̀ má ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Nígbà àwo dúdú, ogún ìṣẹ́jú tàbí díẹ̀ lé ni ojú kan ń gbà tí ohùn kò fi ní rẹlẹ̀, ìwọ̀n yẹn ṣì bá ìfarabalẹ̀ ènìyàn mu títí dòní. Ẹ kọ tó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì ya àwọn tí kò bá wọnú ẹnu àwọn ará ilé sọ́tọ̀. Nínú mẹ́jọ náà, kí ọ̀kan jẹ́ orin tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Orin ìjọ àtijọ́ dára fún èyí, torí púpọ̀ nínú wọn ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ oníǹkan, kò sì sí Yorùbá ìran yín tí kò mọ̀ wọ́n. Kí ọ̀kan ní ẹnu nínú. Ẹ má pe gbajúmọ̀ akọrin fún un. Tó bá wọlé, àwo yín á di àwo rẹ̀, ẹ ó sì padà sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ wá obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ balẹ̀, tí kò ní máa fi "Halelúyà" di gbogbo àlàfo, tó sì lè kọ gbólóhùn kan kó fi ìyókù sílẹ̀ fún gìtá.

Ọ̀rọ̀ Phil Upchurch yẹn ni yóò ṣòro jù fún ẹ̀yin. Ẹ má ta rídímù àwo yín fúnra yín. Mo mọ̀ pé ẹ lè ta á, àti pé ẹ ó ta á dáadáa ju ẹni tí ẹ máa pè lọ. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kan náà bá ta rídímù tó tún ta ohùn orin, méjèèjì á máa gbọ́ tara wọn ṣáájú, kò ní sí ẹni tó máa ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹ sanwó fún un, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo. Ẹ sì jẹ́ kó ṣe àṣìṣe kan tàbí méjì tó dùn.

Lórí ìlù: kọ̀ǹpútà tó fún ìpìlẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa gbé yín lọ ilé ẹjọ́. Orin ìran yìí sábà máa ń rìn ní ìwọ̀n 80 sí 100 lù láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ kì í sì yẹsẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá wà lókè ìpìlẹ̀ náà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkúbà, agogo, kí ó jẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ọmọ Iléṣà kan gbọ̀n, tó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìlù kọ̀ǹpútà, á ṣe fún àwo yín ohun tí sítúdíò olówó ńlá kò lè ṣe. Béèsì pẹ̀lú, ẹ wá ènìyàn. Ẹ ṣọ́ra fún gángan. Ohùn orin gìtá àti gángan jọ ń sọ̀rọ̀ ni, ìlú kan kò sì gba agbẹnusọ méjì tó ń la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, kí gángan wọlé nígbà tí gìtá bá ti sọ tirẹ̀ tán.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ohùn gìtá. Onígìtá sítúdíò ní àpótí pẹ́dà àti gìtá oríṣiríṣi, torí olórin tòní fẹ́ èyí tó ń ké, tọ̀la fẹ́ èyí tó ń sunkún. Nínú àwo tiyín, ìyẹn á yí padà di ìṣòro: tí orin kìíní bá ní ohùn kan, tí ìkejì ní òmíràn, olùgbọ́ á rò pé onígìtá mẹ́jọ ni. Earl Klugh mú gìtá onírọ́bà, ìyẹn oníwáyà ọ̀rá, kò sì fi í sílẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni Peter White gbà. Larry Carlton rọ̀ mọ́ Gibson ES-335 débi tí wọ́n fi ń pe òun gan-an ní Mr. 335. Kẹ́ ẹ sì tún wo Dèmọ́lá Adépọ̀jù, tó ń ta Hawaiian gìtá nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé: òun ló ta á nínú àwo Paul Simon ti 1986. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù gbọ́ ohùn náà, wọn kò mọ orúkọ ẹni tó ta á, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ta irú rẹ̀ fún wọn lónìí wọ́n á ní àwọn ti gbọ́ ọ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́yìn ẹlòmíràn láti ìgbà yìí, ohùn kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe àwo tìtorí rẹ̀ ń pè yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n. Òun ni kí ẹ lò láti òkè délẹ̀.

Tí gìtá yín bá jẹ́ oníná, ọ̀tá tí ẹ máa bá pàdé ni ìkùnsínú iná mànàmáná. Iná wa ń lọ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkùn tó ń mú wá sì máa ń dún ní 50 àti 100. Ohùn G tó wà ní ìsàlẹ̀ gìtá, 98 ló ń dún. Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìkùn NEPA lára: tí ẹ bá ta orin ní kíì G, ìkùn á fara pamọ́ sábẹ́ orin, kò sì ní bá a mu dáadáa, ẹ ó máa rò pé gìtá ni kò tún dáadáa. Mo mọ àwọn tó ti yí wáyà gìtá tán nítorí èyí. Gìtá tó ní humbucker, irú pickup (ohun tó ń gba ohùn wáyà gìtá) tí Seth Lover ṣe fún Gibson ní 1955, ń pa púpọ̀ nínú ìkùn náà. Ìyókù, ẹ pa iná gílóòbù onígí gígùn àti ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ gbé fóònù jìnnà, ẹ ta gìtá lórí inverter, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti sùn.

Ẹ kò ní láti lọ sí Èkó fún gìtá. Yàrá kan ní Iléṣà tí kò ní ìró, tí aṣọ òfì àti mátírẹ́ẹ̀sì gbé ara lé ògiri rẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìgbàlóhùn kékeré kan, á ṣe é. Ẹ gbà á ní 24-bit, 48 kHz, kí ẹ sì gba ohùn gìtá ní ihòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó gba inú amplifier kọjá, kí ẹni tó máa po ohùn pọ̀ lè tún un gbà tó bá yẹ. Tí ẹ bá ń ṣe é ní ìgbà ọyẹ́, igi gìtá máa ń gbẹ, ọrùn rẹ̀ máa ń yẹ̀, ẹ tún un ṣe ní gbogbo ìgbà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ìlù àti béèsì ni kí ẹ gbé lọ sí sítúdíò gidi, ìbáà jẹ́ Ifẹ̀ níbí tàbí Ìbàdàn. Kí ẹlòmíràn sì po ohùn náà pọ̀. Onígìtá tó bá po àwo ara rẹ̀ á gbé gìtá sókè jù, tàbí, tó bá jẹ́ ará ìdí sítúdíò bíi tiyín, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù nítorí àṣà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un ní ariwo pọ̀: Spotify, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń rẹ orin wálẹ̀ sí -14 LUFS, òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó; ariwo tó bá lé ní ìyẹn, ìfọwọ́ṣòfò ni.

Àwọn ọmọ yín kò parọ́ tán. Rédíò ló gbé smooth jazz dé ibi gíga: ọjọ́ 14 oṣù kejì 1987 ni KTWV bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles, àwọn ìlú ńlá mìíràn sì tẹ̀lé e. Ní 2008, ilé iṣẹ́ rédíò New York tó ń ṣe é, WQCD, pa á tì. WNUA ti Chicago ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2009. Tó bá jẹ́ rédíò Amẹ́ríkà ni ẹ ń wò, ilẹ̀ ti ṣú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Rédíò kọ́ ló kọ́kọ́ gbé e. Ibi ìnáwó ni, ní wákàtí yẹn tí àwọn àlejò ti jókòó tí ọkọ àti ìyàwó kò tíì wọlé. Ilé oúnjẹ ni. Ìsìn ìdúpẹ́ ni. Kúnlé Ayọ̀ gbé gìtá rẹ̀ lọ sí South Africa, ó sì rí ilé síbẹ̀. Mike Aremu ń fọn sáksófóònù lórí orin ìyìn, àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ ọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín ohun tí wọ́n máa ń yí tí wọ́n bá ń kàwé ìdánwò. Tí wọ́n bá ní orin tí kò ní ọ̀rọ̀, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ wọn sọ.

Ohun tó yí padà ni bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Spotify wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì 2021. Níbẹ̀, ìgbọ́ tí kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá 30 kò wọ ìṣirò. Àti láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó 1,000 ìgbà láàárín oṣù 12 kì í mú owó wọlé. Ìdí nìyẹn tí ohùn orin yín fi gbọ́dọ̀ wọlé ní kíá. Ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀ gígùn tí kíbọ́ọ̀dù ń nìkan dún. Tí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ẹ gbé e sí orin ìkẹyìn.

Owó ni ibi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń jìyà. Owó ọwọ́ ni wọ́n máa ń fún onígìtá sítúdíò, kò sí ìwé, kò sí ìlérí. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ gbé ohùn gìtá tí ẹ tò sínú orin gbajúmọ̀ kan, kí ẹ wá fi ṣe orin tiyín láìgba àṣẹ, bó ti wù kó dá yín lójú pé ọpọlọ yín ló bí i. Nínú àwo tiyín, ẹ kọ ìwé. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ta ohùn kan, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i: ta ló kọ orin, ìpín mélòó ni tirẹ̀, èló ni owó iṣẹ́ olùlù, ṣé owó yẹn ló parí ọ̀rọ̀ tàbí ìpín mìíràn wà. Òfin ẹ̀tọ́ oníǹkan ti 2022 ló ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà báyìí. Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ ọdún 50 lẹ́yìn tó jáde. Àwọn ọmọ tó ní orin arúgbó ni, àwọn ló máa jẹ ẹ́. Ẹ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ orin lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ni orin, kí ẹ sì rí i pé orin kọ̀ọ̀kan ní ISRC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ orin ìbílẹ̀ ni ẹ yá ohùn kan nínú rẹ̀, òfin náà dáàbò bo irú rẹ̀, ẹ kọ ìlú àti ìran tó ni ín sára àwo. Ọmọ Òṣómàáló kọ́ ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba owó. Ìwé gbèsè ni mo ní kí ẹ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó lóṣòó.

Nípa ìgbà tó yẹ kó jáde, ẹ fi oṣù Kejìlá sílẹ̀. Orin ọdún Kérésìmesì àti ariwo Èkó á bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún jazz káàkiri àgbáyé, àwọn rédíò tí kì í yí jazz rárá máa ń wá nǹkan tí wọ́n máa yí lọ́jọ́ náà. Great FM ti Yunifásítì Ifẹ̀ wà nítòsí yín, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Tí ẹ bá fẹ́ ta á lójú àwùjọ, gbàgede tí kò ní òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oduduwa Hall bá irú orin yìí mu ju inú gbọ̀ngàn lọ, torí gìtá jẹ́jẹ́ kì í bá ògiri ńlá jà kó borí. Ẹ gbé orin kan ṣoṣo sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kejì, òmíràn ní oṣù Kẹta, kí àwo tó tẹ̀lé wọn. Spotify fẹ́ kí orin ti wà lọ́wọ́ wọn, ó kéré tán ọjọ́ méje kó tó jáde, kí àwọn tó ń to orin lè gbé e yẹ̀ wò; ẹ fún wọn ní oṣù kan. Orin tó ní ẹnu nínú ni kó kọ́kọ́ jáde, kí èyí tí ẹ gbé lé gbólóhùn ilé yín tẹ̀lé e.